Ọ̀rọ̀ Méjì Létí Òbí Kan: Ìtàn Ìbupá àti Àjẹsára Ọmọdé

Àwọn tí ó mọ ìtàn ọ̀nà àtijọ́ ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé Àpòmù kì í ṣe ìlú tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Kí ogun Òwu tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Bí ẹrù ti ń wọ ọjà náà láti ọ̀nà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ náà ni àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ti ń jí ènìyàn gbé, tí ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ dídùn àlejò fi ń di ẹrú. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ pé kí ènìyàn wádìí ọ̀rọ̀ kí ó tó gbà á kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun ní agbègbè yìí. Lónìí, Àpòmù ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan, Ìkirè tí ó múlé gbè é sì ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọjà ẹrù ṣì wà ní gbangba, ṣùgbọ́n ọjà ọ̀rọ̀ ti wọ inú ẹ̀rọ alágbèéká tí ìyá ọmọ ń mú kiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, ìròyìn méjì lè kan ìyá kan náà lára. Èkíní ti ilé ìwòsàn wá, pé kí ó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Èkejì kò ní orúkọ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Ohùn kan ni ń sọ nínú ẹ̀rọ pé abẹ́rẹ́ náà a máa ba ọmọ jẹ́, tàbí pé ó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Àwọn méjèèjì ní àwọn fẹ́ràn ọmọ. Ta ni kí ìyá gbọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé a máa yára dáhùn pé àìmọ̀kan ni ó ń fa iyèméjì, pé bí òbí bá ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìtàn kò jẹ́rìí sí èyí. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí, a ó rí i pé iyèméjì òbí ní gbòǹgbò, pé ó wà láàárín àwọn òyìnbó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àti pé kì í ṣe ẹ̀gàn tàbí ipá ni ó ń borí rẹ̀.

Ìgbóná ni ó yẹ kí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń pe àrùn náà, nítorí pé wọn kò fẹ́ dárúkọ Ṣọ̀pọ̀nná ní gbangba. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sábà máa ń jà, kì í sì í mọ ọlọ́rọ̀ yàtọ̀ sí tálákà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ṣe é rí tí kò kú kì í ṣe é mọ́. Òtítọ́ yìí ni àwọn ènìyàn ní oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà fi ojú ara wọn rí, tí wọ́n sì fi dá ọgbọ́n kan. Wọn a mú díẹ̀ nínú omi egbò ẹni tí àrùn náà kò le lára rẹ̀, wọn a sín gbẹ́rẹ́ fún ẹni tí kò tíì ṣe é, wọn a sì fi omi náà sí ojú gbẹ́rẹ́. Àrùn náà a mú un díẹ̀, lẹ́yìn èyí ara rẹ̀ a le. Ewu wà nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn mìíràn a máa ti ibẹ̀ kú, wọn a sì máa kó o ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ewu náà kéré sí ti ìgbóná fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú, tí àwọn òyìnbó sọ ní Onesimus, ni ó sọ ọgbọ́n yìí fún olówó rẹ̀, Cotton Mather, oníwàásù ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ìgbóná jà ní Boston ní ọdún 1721, Dókítà Zabdiel Boylston sín gbẹ́rẹ́ náà fún àwọn ènìyàn tí ó lé ní 240. Ẹni 6 ni ó kú nínú wọn. Àwọn tí àrùn náà pa ní ìlú náà jẹ́ 844. Síbẹ̀, ìlú pín sí méjì. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé ẹrú ni ó sọ ọ́. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àrùn. Ẹnìkan tilẹ̀ ju àdó olóró wọ ilé Mather. Ìwé ìròyìn tuntun kan, New England Courant, tí James Franklin dá sílẹ̀ ní ọdún náà gan-an, sì ń bu ẹnu àtẹ́ lu gbẹ́rẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àjẹsára àti ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn ti jùmọ̀ ń rìn.

Benjamin Franklin, àbúrò James, wà ní ilé ìtẹ̀wé náà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí gbóná. Nígbà tí òun náà di bàbá, ó ti gbà pé gbẹ́rẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò tíì sín in fún ọmọ rẹ̀ Francis. Ní ọdún 1736 ìgbóná pa ọmọ náà, ọmọ ọdún 4. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ kiri pé gbẹ́rẹ́ ni ó pa á. Bàbá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní láti jókòó kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tirẹ̀ pé àrùn náà fúnra rẹ̀ ni ó mú ọmọ lọ, pé a kò sín gbẹ́rẹ́ fún un rárá. Nígbà tí ó darúgbó ó ṣì kọ ọ́ pé àbámọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn òun. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé ìmọ̀ nìkan kì í tó. Òbí lè mọ òtítọ́, kí ó sì tún fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Ní ọdún 1796, Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi omi egbò àrùn màlúù kan rọ́pò omi egbò ìgbóná, ó sì rí i pé ó ń dènà ìgbóná láìmú ewu tí ó pọ̀ tó ti àtijọ́ wá. Èyí ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohun tí àwọn Yorùbá wá ń pè ní ìbupá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọdún 1802, ayàwòrán kan ya àwọn tí a bu lápá bí ẹni tí màlúù ń hù jáde lára wọn. Nígbà tí òfin ọdún 1853 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ ọwọ́, ọ̀pọ̀ òbí ta kò ó títí, ó sì di ọdún 1898 kí òfin tó fi àyè sílẹ̀ fún òbí tí ọkàn rẹ̀ kò gbà. Ẹni tí ó bá rò pé iyèméjì nípa àjẹsára jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú nìkan kò ka ìwé jìnnà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ní ojú tirẹ̀. Àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀nná ni ó ń tọ́jú ẹni tí ìgbóná mú. Àwọn náà ni ó ń sin òkú rẹ̀, tí wọ́n sì ń kó ẹrù rẹ̀ lọ. Dókítà Ògúntọ́lá Ṣàpárà, ẹni tí a bí ní ọdún 1861 tí ó sì kú ní ọdún 1935, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ṣe iṣẹ́ dókítà lábẹ́ ìjọba ní Èkó. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò náà ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè mọ ìdí ọ̀ràn. Ohun tí ó sọ nígbà tí ó jáde ni pé àwọn kan nínú wọn ń tọ́jú ẹ̀pá egbò ìgbóná, wọ́n sì ń fi í tan àrùn náà kálẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba amúnisìn fi òfin de ìsìn Ṣọ̀pọ̀nná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó: ohun egbò kan náà ni a lè fi dáàbò bo ọmọ, òun náà ni a lè fi pa á. Òbí tí ó ń bẹ̀rù ẹni tí ó gbé ohun ìgbóná lọ́wọ́ kò ṣiwèrè.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìbupá ìjọba ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń gbé kiri nígbà náà kò fẹ́ ooru. Bí ó bá pẹ́ lójú ọ̀nà, agbára rẹ̀ a tán, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. Wọn a bu ọmọ lápá, òbí a fọkàn balẹ̀, ìgbóná a sì tún mú ọmọ náà. Kí ni kí bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ fún aládùúgbò rẹ̀? Bí ó bá sọ pé ìbupá kò ṣiṣẹ́, kò purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ. Ó di ọdún àwọn 1950 kí Leslie Collier ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rí ọ̀nà tí a fi lè gbẹ oògùn náà dáradára, tí yóò fi pẹ́ nínú ooru kí ó tó bàjẹ́. Ohun tí a pè ní orí kunkun àwọn òbí ní àkókò yẹn, àbùkù oògùn ni ó wà nídìí apá kan rẹ̀.

Ìlú méjì tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ìkirè ni ìtàn tí ó tẹ̀lé e ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1956, Dókítà David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, wọ́n sì ń wọn bí wọ́n ti tẹ̀wọ̀n tó láti oṣù dé oṣù. Wọ́n ya ìwọ̀n náà sórí páálí kan tí ó fi ọ̀nà ìlera ọmọ hàn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kò fi páálí náà pamọ́ sí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ni wọ́n fi í sí. Ìyá tí kò mọ ìwé kà lè fi ojú tẹ̀lé ìlà tí ń gòkè, ó sì lè mọ ọjọ́ tí ìlà náà wálẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ di ti ẹni tí ó bí i. Àpẹẹrẹ páálí yìí tàn kárí ayé lẹ́yìn náà.

Ní ìgbà náà èéyi wà lára àwọn àrùn tí ó ń pa ọmọdé jù. Ìgbàgbọ́ àwọn àgbà ni pé èéyi gbọ́dọ̀ sú jáde sí ara, pé bí ó bá padà wọ inú, ó di ọ̀ràn. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ sì máa ń ba ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná. Ní ọdún 1960, Dókítà Samuel Katz ti Boston, ìlú tí Onesimus ti sọ̀rọ̀ ní ohun tí ó lé ní 240 ọdún sẹ́yìn, wá bá Morley, wọ́n sì dán oògùn àjẹsára èéyi wò lára àwọn ọmọ ní agbègbè náà. Àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 1962. Oògùn náà ń dènà àrùn, ṣùgbọ́n a máa mú kí ara ọ̀pọ̀ ọmọ gbóná kí ó sì sú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ di èyí tí ó rọ ọmọ lára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tí ó bá sọ nígbà náà pé abẹ́rẹ́ mú kí ara ọmọ òun gbóná, òtítọ́ ni ó sọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ó sá ni pé ó ti rí ohun tí èéyi gan-an ń ṣe, ó sì mọ ẹni tí ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Láti ìparí ọdún 1966, ètò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ láti lé ìgbóná jáde ní 20 orílẹ̀-èdè ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, kí a sì dín èéyi kù. Ní agbègbè Ògójà, nígbà tí oògùn kò tó, Dókítà William Foege àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu láti wá ilé tí àrùn wà, kí wọ́n sì bu gbogbo àwọn tí ó yí i ká lápá ní kíá. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní Abakaliki ní ọdún 1967, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọ Faith Tabernacle tí kò gba ìbupá. Nínú ènìyàn 32 tí ó mú, 30 jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ìgbóná tí a rí kẹ́yìn ní Nàìjíríà jẹ́ ti oṣù karùn-ún ọdún 1970. Ní ọdún 1977 ni a rí ti ìkẹyìn tí ó tàn fúnra rẹ̀ ní ayé, ní Sòmálíà, ní ọdún 1980 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán.

Ìṣẹ́gun yìí ni ó bí ìṣòro tí ó kù. Nígbà tí ìgbóná tán, ẹlẹ́rìí rẹ̀ ń tán lọ pẹ̀lú. Ìyá ayé àtijọ́ ń fi ewu abẹ́rẹ́ wé ewu àrùn tí ó rí ní ilé kejì. Ìyá ayé òde òní kò rí àrùn, abẹ́rẹ́ nìkan ni ó ń rí. Bí ara ọmọ bá gbóná ní alẹ́ ọjọ́ àjẹsára, òun nìkan ni ohun tí ó lè tọ́ka sí. Ẹni tí ó rí ìtánná kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò lè mọ èyí tí ó tẹ̀wọ̀n.

Ètò àjẹsára gbogbogbòò fún ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1979. Ní ọdún 1987, nígbà tí Ìkirè àti Àpòmù ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ibà pọ́njú jà ní ìpínlẹ̀ náà, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni àjẹsára rẹ̀ ti wà láyé láti ọdún àwọn 1930. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé, jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti ọdún 1985 sí 1992, ó sì gbìyànjú láti mú ìtọ́jú dé ẹnu ọ̀nà aráàlú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ nǹkan fà sẹ́yìn. Ilé ìṣe àjẹsára ti ìjọba ní Yábàá, tí ó ń ṣe ti ìgbóná, ti ibà pọ́njú àti ti dìgbòlugi tẹ́lẹ̀, dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ọdún 1991. Nígbà tí ìwádìí ìjọba jáde ní ọdún 2003, ọmọ 13 péré nínú 100 ni ó ti gba gbogbo àjẹsára tí ó yẹ. Ní ọdún 2018 ó di 31. Kì í ṣe ìròyìn èké nìkan ni ó fa èyí. Ìyá tí ó rìn dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé oògùn kò sí, kì yóò rìn ní ẹ̀ẹ̀kẹrin nítorí ìkéde rédíò.

Ọ̀ràn Kánò ni gbogbo ayé gbọ́. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ. Ọmọ 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà, 11 sì kú, àwọn kan nínú àwọn tí ó gba Trovan, àwọn kan nínú àwọn tí ó gba oògùn tí wọ́n fi wé e. Àwọn òbí ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ pẹ́ lórí rẹ̀, ní ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ náà àti Ìpínlẹ̀ Kánò sì fọwọ́ sí àdéhùn 75 mílíọ̀nù dọ́là. Trovan kì í ṣe àjẹsára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló á sá. Ní ọdún 2003, nígbà tí àwọn aṣáájú kan ní àríwá sọ pé oògùn tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ní ohun tí ń sọ ènìyàn di àgàn nínú, ọ̀rọ̀ náà bá ilẹ̀ tí a ti kọ ebè sí. Kánò dá ètò náà dúró títí di oṣù keje ọdún 2004. Àrùn náà sì gba ibẹ̀ tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni ó tú kókó yìí? Wọ́n yẹ oògùn náà wò, wọ́n sì mú tuntun wá láti Indonesia, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, tí àwọn ará Kánò lè fọkàn tán. Àwọn ọba àti àwọn àlùfáà wọ inú iṣẹ́ náà. Àwọn tí àrùn náà ti rọ lẹ́sẹ̀ ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń fi ara wọn ṣe ẹ̀rí. Àwọn obìnrin àdúgbò ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nínú ilé tí ọkùnrin kò lè wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, nítorí pé ní oṣù kejì ọdún 2013 àwọn agbébọn pa obìnrin 9 tí ń kán oògùn fún ọmọ ní Kánò. Ọdún 2016 ni a rí àrùn náà kẹ́yìn ní Nàìjíríà ní irú rẹ̀ ti àdáyébá, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 sì ni a kéde pé irú yìí ti kúrò ní Áfíríkà. Òtítọ́ kan wà tí ó yẹ kí a sọ pẹ̀lú rẹ̀. Ohun alààyè tí a sọ di aláìlágbára ni ó wà nínú oògùn kíkán náà. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gbà á, ó lè máa tàn láti ara ọmọ dé ara ọmọ títí yóò fi tún lágbára. Irú èyí ti rọ ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́sẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí ọmọ púpọ̀ sí i gba àjẹsára. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó bá fi òtítọ́ yìí pamọ́ ti fún ẹlẹ́nu èké ní ohun ìjà, nítorí pé ọjọ́ tí òbí bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà di irọ́ lójú rẹ̀.

Irọ́ a sì máa wọ aṣọ ọ̀mọ̀wé. Ní ọdún 1998, Andrew Wakefield, dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ sínú ìwé àwọn oníṣègùn Lancet nípa ọmọ 12, ó sì mú kí àwọn ènìyàn rò pé àjẹsára èéyi ń fa àrùn ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní autism. Ní ọdún 2010 ìwé náà fagi lé àròkọ rẹ̀, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwádìí lórí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ kò rí ohun tí ó wí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Irọ́ lè sáré fún 20 ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá; ṣùgbọ́n èéyi kì í dúró de ọjọ́ náà.

Ẹ̀rọ alágbèéká wá sọ ìrìn ọ̀sẹ̀ di ìrìn ìṣẹ́jú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń fún aráàlú ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Anambra, ìròyìn tàn pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kó àrùn ọ̀bọ ran àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwọn òbí sáré lọ kó ọmọ wọn jáde ní ilé ẹ̀kọ́, jìnnìjìnnì náà sì ta dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí ọmọ ogun kankan kò dé. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní àjẹsára HPV, tí ó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ ọ̀ràn náà kan àwọn òbí Ìkirè àti Àpòmù. Jẹjẹrẹ yìí ń mú obìnrin tí ó tó 12,000 lọ́dún ní Nàìjíríà, ó sì ń pa bí 8,000. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èké tún gbé jáde ni ti Kánò àtijọ́: wọ́n ní yóò sọ ọmọbìnrin di àgàn. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà ní 20 ọdún, nítorí pé ó mọ ibi tí ọgbẹ́ wà. Ní ilẹ̀ tí a ti ń sọ pé ọmọ ni aṣọ, kò sí ìbẹ̀rù tí ó jinlẹ̀ tó èyí. Bẹ́ẹ̀ sì ni àjẹsára náà kò ba ilé-ọmọ jẹ́. Jẹjẹrẹ tí ó ń dènà gan-an ni ó ń bà á jẹ́.

Kí ni ìtàn gígùn yìí fi kọ́ òbí tí ọ̀rọ̀ méjì wà létí rẹ̀? Ó fi ìbéèrè mẹ́ta lé e lọ́wọ́, kò sì sí èyí tí ó ní kí ó lọ sí yunifásítì kí ó tó bèèrè rẹ̀. Èkíní: ta ni ó sọ ọ́, ṣé a ó sì rí i lọ́la bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá yí? Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ní orúkọ, ó ní ojú, ó ní ilé. Ohùn inú ẹ̀rọ kò ní ọ̀kankan. Èkejì: ṣé ohun tí ó rí ni ó ń sọ, tàbí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i? Ẹ̀tàn tí ó dé láti ọwọ́ ọ̀rẹ́ kò tíì di ẹ̀rí nítorí pé ọ̀rẹ́ ni ó mú un wá. Ẹ̀kẹta: bí ó bá jẹ́ irọ́, ta ni yóò san gbèsè rẹ̀? Ẹni tí ó ń pín ọ̀rọ̀ kiri kò ní pàdánù ohunkóhun. Ọmọ ni yóò dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà kan ìjọba àti ilé ìwòsàn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òbí gba òun gbọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé oògùn wà ní ọjọ́ tí ó dá, kí ó sọ ohun tí ó lè ṣe ọmọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé, kí ó sì dáhùn láìfi ìyá ṣe ẹ̀sín.

Iṣẹ́ kan kù tí ó tọ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 10 nígbà tí ìgbóná tán ní Nàìjíríà ti lé ní ẹni 60 ọdún báyìí. Ní Ìkirè, ní Àpòmù, ní Ìmẹ̀sí-Ilé àti ní àwọn ìlú yòókù, àwọn àgbà ṣì wà tí àpá ìbupá wà ní apá wọn, tí wọ́n sì lè sọ ilé tí ìgbóná ti kó ọmọ mẹ́ta lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn kan. Kò sí ìròyìn inú ẹ̀rọ tí ó lè dúró níwájú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti ẹnu ìyá-ńlá jáde sí etí ìyá ọmọ. Kí a lọ bá wọn, kí a kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, kí a sì mú un padà wá fún àwọn ọ̀dọ́ abiyamọ kí àwọn ẹlẹ́rìí náà tó tán nílẹ̀.